Oúnjẹ àwọn Kòkòrò tí Ń Pèsè Methane nínú Àbàtà Addo

Bí a bá ti ọ̀pá bọ ẹrẹ̀ àbàtà, irú èyí tí ó wà ní etí ọ̀sà ní Addo nítòsí Ajah, gáàsì a máa yọ bí ìfófòó lójú omi. Methane wà nínú gáàsì bẹ́ẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni oúnjẹ àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń pèsè rẹ̀, àti bí iyọ̀ inú omi ṣe lè yí oúnjẹ náà padà.

Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í ṣe bakitéríà. Ní ọdún 1977, Carl Woese àti George Fox fi hàn pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Archaea ni orúkọ tí à ń pè wọ́n lónìí. Wọn kì í pèsè methane níbi tí oxygen bá wà, wọn kò sì lè jẹ ewé ògùrọ̀ tí ó já sómi ní tààrà. Àwọn kòkòrò mìíràn ni yóò kọ́kọ́ ba ewé náà jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́ fùfú ṣe ń kan nínú ìkòkò. Èròjà kéékèèké tí ó bá ṣẹ́kù ni tiwọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín oúnjẹ wọn sí. Èkíní ni hydrogen pẹ̀lú carbon dioxide. Èkejì ni acetate, èyí tí ó ti ara áásìdì inú ọtí kíkan wá. Ẹ̀kẹta ni àwọn èròjà bíi methanol àti methylamine. Ọ̀kan nínú àwọn methylamine ni ó ń mú kí ẹja bíbàjẹ́ rùn. Agbára inú oúnjẹ yìí kò pọ̀: ọ̀nà kìíní ń mú nǹkan bí 131 kilojoule wá fún mole methane kan, acetate kò sì ju nǹkan bí 31 lọ. Agbára náà ni wọ́n fi ń ti ion jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí ion náà bá ń padà wọlé ni sẹ́ẹ̀lì ń rí ATP ṣe. Nítorí náà, púpọ̀ nínú carbon tí wọ́n lò ń di methane. Díẹ̀ ni wọ́n fi ń dàgbà.

Ní ìgbà òjò, iyọ̀ inú ọ̀sà Èkó a máa dínkù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọlé, sulphate a sì bá a wá. Àwọn bakitéríà tí ń lo sulphate a wá gba hydrogen àti acetate mọ́ àwọn apèsè-methane lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà bá wọn du methylamine. Ronald Oremland àti Sandra Polcin fi èyí hàn ní ọdún 1982 nínú ẹrẹ̀ San Francisco Bay ní Amẹ́ríkà.

Kò tọ́, nígbà náà, láti gbà pé iyọ̀ nìkan tó láti dá methane dúró ní irú àbàtà yìí. Ẹni tí ó bá fi hydrogen àti acetate nìkan ṣe òṣùwọ̀n lè ka ẹrẹ̀ tí ó ṣì ń mí sí òkú. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí ń fi iyanrìn bo àbàtà kọ́lé pẹ̀lú. Ewé jíjẹrà ṣì wà lábẹ́ iyanrìn, níbi tí oxygen kò dé. Bí methane bá sì kóra jọ síbi tó há, tí ó tó ìdá 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná díẹ̀ tó láti mú un bú gbàmù.