Ìtúnṣe Àpótí Mazarin

Àpótí Mazarin jẹ́ àpótí onígi tí àwọn oníṣẹ́-ọnà ilẹ̀ Jàpáànù ṣe ní ìlú Kyoto ní nǹkan bí ọdún 1640 fún títà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Oje igi tí à ń pè ní urushi ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n sì fi wúrà, fàdákà àti ìkarahun dídán ṣe ọnà sí i lára. Ó wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria àti Albert (V&A) ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ìtúnṣe rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ṣe pàtàkì nítorí pé ó mú ìlànà méjì tí kò bára mu pàdé: ti Jàpáànù àti ti ìwọ̀-oòrùn ayé.

Ìtàn

Ara kọ́kọ́rọ́ àpótí náà ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti rọ kọ́kọ́rọ́ yìí, àmì ìdílé Mazarin-La Meilleraye sì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àpótí náà di ti òǹkọ̀wé William Beckford, kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Dúúkù Hamilton ní Skọ́tlándì. Ọdún 1882, nígbà tí wọ́n ta ẹrù ààfin Hamilton, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà rà á. Lára àwòrán tí ó wà lórí rẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ inú Ìtàn Genji, ìwé tí Murasaki Shikibu kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Urushi

Ara igi Toxicodendron vernicifluum ni a ti ń gba urushi. Oje tútù rẹ̀ a máa mú kí ara yún, kí ó sì wú. Urushi kì í gbẹ bí ọ̀dà lásán. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ mú un le. Ìpele lórí ìpele ni a ń kùn ún. Nínú ọnà tí à ń pè ní maki-e, a ó wọ́n lẹ́búlẹ́bú wúrà tàbí fàdákà sórí urushi tí kò tíì gbẹ. Bí ó bá ti le tán, omi kò lè wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kẹ́míkà kò sì lè yọ́ ọ.

Ohun tí ń bà á jẹ́

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá urushi. Ìtànṣán ultraviolet a máa pa dídán rẹ̀, a sì máa la ojú rẹ̀ ní ìlà fínfín. Urushi tí omi kò lè ràn tẹ́lẹ̀ yóò wá di ohun tí omi lásán lè bà jẹ́. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá gbẹ jù, igi abẹ́ rẹ̀ yóò sún kì, urushi yóò sán, ìkarahun àti wúrà yóò sì máa ṣí kúrò. Ní Yúróòpù, àwọn kan ti fi fánìṣì bo Àpótí Mazarin láti mú un dán. Fánìṣì náà pọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ, ó sì bo ẹwà ọnà náà.

Ìlànà méjì

Ní Jàpáànù, urushi ni a fi ń tún urushi ṣe. A ó fi urushi tí a ti là kun ibi tí ó ti sán, a ó sì nù ún kúrò lójú. Èyí ni urushi-gatame. Mugi-urushi, tí í ṣe urushi tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà, ni a fi ń lẹ ibi tí ó ṣí. A ó sì fi ọ̀pá ọparun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi mú. Ète rẹ̀ ni kí ohun náà máa wà láàyè pẹ̀lú èròjà tí a fi dá a.

Ní ìwọ̀-oòrùn ayé, òfin tí ó ga jù ni pé kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè tú ohun tí a bá fi ṣe àtúnṣe kúrò. Urushi tí ó ti le kò ṣeé tú. Fánìṣì ṣeé tú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara iṣẹ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Iṣẹ́ náà

Toshiba International Foundation àti Getty Foundation ṣe ìrànlọ́wọ́ owó. Shayne Rivers ti V&A àti Yamashita Yoshihiko, onímọ̀ nípa ìtúnṣe urushi láti Jàpáànù, ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ibikíbi, wọ́n sì gbé ìlànà méjèèjì yẹ̀ wò kí wọ́n tó yan èyí tí ó yẹ.

Kò sí ìtúnṣe tí ó lè dá urushi tí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ padà sí bí ó ti wà. Ìdí nìyí tí a fi ń tọ́jú irú ohun bẹ́ẹ̀ síbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ jù, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sì í yí padà lójijì.