Igi Tó Ń Ṣọ́ Ahoro

"Baálé kú, ilé dahoro," bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń wí. Ìyá mi àgbà gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbà pé ahoro ṣófo. Bí a bá ń lọ sóko, tí a dé ibi tí pèrègún tò láàárín igbó, wọn á dúró, wọn á ní, "Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé." Àwa ọmọdé ò rí ilé kankan. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣa àpáàdì ibẹ̀ wálé, ọmọ tó bá sì fẹ́ tọ̀ níbẹ̀ á gba ìfọ́tí.

GRA Ìlọrin tí mò ń gbé báyìí ò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ti ní ahoro tirẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ilé àtijọ́ kan, koríko ti bo ìpìlẹ̀ ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó wó, máńgòrò àti dóńgóyárò nìkan ló ṣì ń sọ pé èèyàn gbé ibẹ̀ rí. Ti ilé alámọ̀ tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí koríko òrùlé bá ti jẹrà, òjò á fọ ògiri padà sínú ilẹ̀. Igi tí onílé gbìn, tàbí tó hù láti inú kóró tó dà sórí àkìtàn, ni í kù.

Osè ni olórí wọn lójú mi. Ìdí rẹ̀ a máa wú tó yàrá, kì í sì í ní ewé lára lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ wo Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, ní ìhà Ìgbẹ́tì. Clapperton, òyìnbó arìnrìnàjò, bá Aláàfin níbẹ̀ lọ́dún 1826, nígbà tí ìlú ṣì kún. Kò tó ogún ọdún sí ìgbà náà tí ogun Ẹléduwẹ̀ fi dé, ogun tí àwọn baba wa ní Ìlọrin jà, tí Aláàfin Olúewu bá lọ, tí ìlú tú. Àtìbà, Aláàfin tó tẹ̀lé e, tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà ní gúúsù. Lónìí, inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ni ahoro náà wà. Odi ìlú ti di ebè gígùn nínú igbó, osè sì dúró níbẹ̀ gbọnin.

Kò yani lẹ́nu, nítorí igi inú ilé ni osè. Ewé rẹ̀ tí a sá, tí a lọ̀, ni lúúrú tí a fi ń jẹ àmàlà ní Kwara àti Òkè Ògùn. Èso rẹ̀ ní ìyẹ̀fun kíkan tí ọmọdé ń lá, tí àwọn ìyá ń pò mọ́ ẹ̀kọ fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń bó ṣe okùn, èèpo mìíràn a sì tún bò ó. Wọ́n ní àlùjọ̀nnú ń gbé inú rẹ̀, kí èèyàn má kọjá lábẹ́ rẹ̀ lóru. Èmi ò rí àlùjọ̀nnú. Mo mọ̀ pé òru ni òdòdó rẹ̀ ń là, tí àdán sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti mu omi adùn inú rẹ̀, àti pé oyin àti ejò kì í wọ́n nínú ihò ara igi tó ti gbó. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí.

Bòtújẹ̀ náà a máa yí ahoro ká, torí òun ni ọgbà ilé àtijọ́. Oje rẹ̀ ni wọ́n ń fi pa ahọ́n ìkókó tó funfun, tí wọ́n sì ń kán sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èso rẹ̀, májèlé ni: ọmọ tó bá jẹ ẹ́ yóò bì, yóò sì máa yàgbẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má fi àgbo dánra wò. Ìyeyè ńkọ́? Ewé rẹ̀ ni wọ́n ń sè fún abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n ní ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Èyí tó bá ń dà ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà ló ni ín.

Kì í ṣe igi nìkan ni igbó ń pa mọ́. Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, inú igbó ni wọ́n ti bá àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rin. Ìtàn ibẹ̀ ní àlejò tó hùwà àìtọ́ ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Ọdún 1933 ni Ramshaw, tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, ròyìn wọn fún ayé, ọdún 1945 ni wọ́n sì dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ará Èsìẹ́ ti ń bọ àwọn ère náà tipẹ́ kí Ramshaw tó dé.

Ní ti èèwọ̀ ìyá àgbà, mo gbà á tọkàntọkàn. Inú ilé ni àwọn baba wa ń sin òkú sí, nítorí náà ibi tí ahoro bá wà, ibojì wà níbẹ̀. Pèrègún tí kì í tètè kú, tí gígé kì í pa, ni wọ́n sì fi ń pa ààlà ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé wọ́n ń tọ́ka sí i títí di òní nínú ẹjọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ lẹ́yìn Ìlọrin, ẹ jọ̀wọ́, kí katakata tó wọ ibẹ̀, bí ẹ bá rí osè tàbí pèrègún tó tò, ẹ wá àgbà àdúgbò lọ, kí ẹ béèrè ẹni tó gbé ibẹ̀ rí.