Fífi Rẹ́sìn Ṣe Yàrá Kékeré Lọ́ṣọ̀ọ́

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dàgbà ní ìgbèríko tí kò mọ oje igi. Bí a bá fi àdá ṣá igi lára, oje yóò sun jáde. Bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀, oje náà yóò le. Irú oje bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọdékùnrin fi ń ṣe àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ. Ní etí òkun Baltic, ní ilẹ̀ Yúróòpù, a máa ń rí oje igi tí ó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí ó ti le bí òkúta, tí ó sì mọ́ gaara. Nígbà mìíràn a óò bá kòkòrò kékeré kan nínú rẹ̀, tòun ti ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé àná ni oje náà bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọnà tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín yìí fara jọ èyí: a ń da oje bo ohun tí ó rẹwà, kí ojú lè máa rí i fún ìgbà pípẹ́.

Rẹ́sìn tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń lò kì í ṣe oje igi gan-an. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ni ó ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú èyí tí a ń pè ní ẹpọ́sì ni Pierre Castan, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ẹni tí ó ń wá ohun tí a lè fi tún eyín ṣe ní nǹkan bí ọdún 1938. Sylvan Greenlee náà ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárin ọdún 1940 sí 1950. Inú ìgò méjì ni a ń tà á: oje fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀kan, ohun tí ń mú un le sì wà nínú èkejì. Bí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, omi ni wọ́n. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, wọn a so mọ́ ara wọn, wọn a gbóná, wọn a sì le, wọn kò sì ní padà di omi mọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí sọ́kàn.

Kí ni ó mú kí iṣẹ́ yìí yẹ yàrá kékeré? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó àti ní Ìbàdàn ni ó ń gbé yàrá kan ṣoṣo nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ. Inú yàrá náà ni ibùsùn wà, ibẹ̀ ni àpótí aṣọ wà, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń jẹun. Bí ẹni tí ó ń gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ bá ra ère ńlá, ibo ni yóò gbé e sí? Ọ̀pọ̀ onílé ni kò sì fẹ́ kí ayálégbé kun ògiri ní àwọ̀ tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n pátákó pẹlẹbẹ tí a da rẹ́sìn sí lójú kò gba àyè. Ìṣó kékeré kan ti tó láti gbé e kọ́. Ó ń dán bí ojú omi, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá sì gba ojú fèrèsé wọlé yóò ta padà lára rẹ̀ sínú yàrá. Ọjọ́ tí ayálégbé bá ń kó lọ, yóò gbé e dání.

Ẹ má ṣe rò pé ọlọ́rọ̀ nìkan ni ọ̀ṣọ́ ilé wà fún. Ní Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́, àpáàdì ìkòkò tí ó ti fọ́ ni àwọn baba ńlá wa tò sí ilẹ̀ ní ìdúró, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí ó fi di ọnà. Àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá kó dà sí ààtàn ni wọ́n fi ṣe ẹwà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà, yàrá ni kí a wò kí a tó yan ọ̀ṣọ́. Yàrá kékeré kò fẹ́ ohun púpọ̀. Bí a bá kọ́ pátákó aláràbarà mẹ́fà sí ara ògiri rẹ̀, yóò dà bí ìsọ̀ ọjà. Ẹyọ kan ti tó, níbi tí ojú ẹni tí ó bá wọlé yóò kọ́kọ́ bà lé. Kí ohun tí a óò fi sínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ó ní ìtumọ̀ fún ẹni tí ó ni yàrá: owó ẹyọ, òdòdó gbígbẹ, tàbí àjákù aṣọ.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. A óò tẹ́ pátákó gbígbẹ sí orí tábìlì tí kò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí rẹ́sìn a máa ṣàn lọ sí ibi tí ó bá rẹlẹ̀. Òdòdó gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò jẹrà lábẹ́ rẹ́sìn. Bí ó bá jẹ́ aṣọ, a óò kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù tí ó mọ́ gaara pa á ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kí afẹ́fẹ́ inú òwú rẹ̀ má baà di ìfófòó. Lẹ́yìn èyí ni a óò wọn ohun inú ìgò méjèèjì. Àwọn rẹ́sìn kan ń fẹ́ ìwọ̀n kan náà, àwọn mìíràn ń fẹ́ ìwọ̀n 2 sí 1. Ohun tí a kọ sí ara ìgò ni kí a tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí ojú bá sọ. A óò rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 5, a óò sì máa ha ẹ̀gbẹ́ àti ìdí ife. Ẹni tí ó bá rò ó bí ẹni tí ń ro ọkà yóò kó ìfófòó sínú rẹ̀. A óò wá dà á sí ojú pátákó, kí ó má nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí bí ó bá pọ̀ jù lójú kan, ooru rẹ̀ lè mú kí ó rú èéfín, kí ó sì sán. A óò fi páálí bò ó nítorí eruku. Lẹ́yìn wákàtí 24, ọwọ́ lè kàn án. Ṣùgbọ́n ó lè tó wákàtí 72, tàbí ọ̀sẹ̀ kan pàápàá, kí ó tó le tán.

Ojú mi ti rí ohun tí ìkánjú ń ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, yàrá kan ni èmi àti àbúrò mi ń gbé ní Ìbàdàn. Ìyá wa ti di olóògbé, ìró adìrẹ kan ṣoṣo ni ó sì kù sí wa lọ́wọ́ nínú aṣọ rẹ̀. Ó ti gbó. A gé ibi tí ó ṣì dára nínú rẹ̀ sí méjì. Mo ní kí n da rẹ́sìn bo ọ̀kan, kí a gbé e kọ́. Alẹ́ ni mo ṣe é. Mo ti fèrèsé nítorí eruku ọyẹ́, ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo sì rò ó kánkán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí ń fọ́ àbúrò mi, èébì sì ń gbé e. Ọwọ́ mi tí n kò fi nǹkan bò wú, ó sì ń yún mi. Rẹ́sìn náà kò tilẹ̀ le. Títí di ọ̀sẹ̀ kejì ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka bí àtè. N kò lè yọ aṣọ náà jáde, n kò sì lè gbé e kọ́. Bí mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé yàrá tí a fẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ yàrá tí a óò ti ṣe iṣẹ́ náà. Bí yàrá bá ti kéré tó ni èéfín ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ìta ni kí a ti pò ó, lábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi le, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Kí a wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ rẹ́sìn lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kí ara rẹ̀ tún gbà á mọ́. Kí a bo imú bí a bá ń fi pépà oníyanrìn ha á. Kí a má ṣe da ìyókù sínú gọ́tà. Kí a jẹ́ kí ó le nínú ife kí a tó kó o dànù. Kí a má sì ṣe gbé iṣẹ́ tí ó ti parí sí ojú oòrùn, kí ó má baà pọ́n bí ìyeyè.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, a mú ìdajì kejì nínú adìrẹ náà. Ẹ̀yìnkùlé ni a wà, ní ọ̀sán gangan. Àbúrò mi wọ ìbọ̀wọ́, òun ni ó pò ó. Èmi jókòó lókèèrè, mo ń ka ohun tí a kọ sí ara ìgò fún un, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a kò fọwọ́ kàn án. Ó wà lára ògiri ilé mi di òní olónìí, àbúrò mi kì í sì í wọlé kí ó má kọ́kọ́ kọjú sí i kí ó tó kí mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.