Ìpínsísọ̀rí: Bí a ṣe ń to ohun ẹlẹ́mìí àti bí a ṣe ń to ẹ̀kọ́

Ìpínsísọ̀rí ni kíkó ohun tó jọra sójú kan àti yíya èyí tó yàtọ̀ sọ́tọ̀, lábẹ́ òfin tí àwọn tó ń lò ó fẹnu kò lé lórí. Méjì nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń pàdé nínú kíláàsì: èyí tí àwọn onímọ̀ fi ń to igi, ewéko àti ẹranko, àti èyí tí olùkọ́ fi ń to ohun tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Àwọn àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí bá Tchaada mu, ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́fà tó wà ní kọ́múnù Ifangni, ní ẹ̀ka Plateau, gúúsù ìlà-oòrùn Bénin. Ilẹ̀ ọlọ́pẹ ni, kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà, a sì ń sọ Yorùbá níbẹ̀.

Ìpínsísọ̀rí àwọn àgbà

Kí ìwé tó dé ni Yorùbá ti ní ìsọ̀rí tirẹ̀: ẹranko, ẹyẹ, ẹja, kòkòrò, afàyàfà, igi, ìtàkùn, koríko, olú. Ìrísí, ìrìn àti ibùgbé ni wọ́n fi ń pín wọn. Nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, orúkọ sábà máa ń ní apá méjì: apá kìíní sọ ẹgbẹ́ tí nǹkan wà, apá kejì sọ èyí tó jẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni obì àbàtà àti obì gbànja, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹfínrín ńlá àti ẹfínrín wẹ́wẹ́.

Àwọn babaláwo àti oníṣègùn tún ní ọ̀nà mìíràn, tó dá lórí iṣẹ́ tí ewé ń ṣe. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gba orúkọ Fátúmbí nígbà tó di babaláwo ní Kétu, tẹ ìwé Ewé jáde ní 1995. Ó to àwọn àkójọ tó wà nínú rẹ̀ sábẹ́ oògùn, ìbímọ, ìsìn òrìṣà, awúre, àbìlù àti ìdáàbòbò. Nínú irú ètò yìí, ewé kan ṣoṣo lè wà ní orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni a ń tò, kì í ṣe ewé náà fúnra rẹ̀.

Ètò Linnaeus

Carl Linnaeus, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden (1707–1778), ló fi ìpìlẹ̀ ètò tí gbogbo ayé ń lò lónìí lélẹ̀. Ìwé rẹ̀ Systema Naturae kọ́kọ́ jáde ní 1735. Species Plantarum ti 1753 ni orúkọ ewéko ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin. Ti ẹranko bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀dà kẹwàá Systema Naturae, ní 1758. Ohun ẹlẹ́mìí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Látìn alápá méjì, ó sì ní ààyè kan ṣoṣo lórí àtẹ̀gùn tó ti òkè wá sílẹ̀: ìjọba, ará, ẹgbẹ́, ìtò, ìdílé, ìbátan, irú.

Ọ̀pẹ fi èyí hàn kedere. Ìjọba rẹ̀ ni Plantae, ìtò rẹ̀ Arecales, ìdílé rẹ̀ Arecaceae, ìbátan rẹ̀ Elaeis, irú rẹ̀ Elaeis guineensis. Nikolaus Joseph von Jacquin ló sọ ọ́ lórúkọ yìí ní 1763, láti ara igi tí wọ́n ti Áfíríkà gbé lọ sí erékùṣù Martinique. Àgbọn àti ògùrọ̀ wà nínú ìdílé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbátan wọn yàtọ̀: Cocos ni ti àgbọn, Raphia ni ti ògùrọ̀.

Nísàlẹ̀ irú pàápàá, ìpín ṣì wà. Ọ̀pẹ dura ní eèpo tó nípọn lára ẹkùrọ́, pisifera kò ní eèpo, tenera ní eèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ẹran èyìn púpọ̀. Ní 1941, Beirnaert àti Vanderweyen fi hàn ní Kóńgò pé ọmọ tí dura àti pisifera bí ni tenera. Ìmọ̀ yìí ni àwọn tó ń pèsè irúgbìn ọ̀pẹ ń lò, títí kan ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè, ní ẹ̀ka Plateau kan náà, láti 1922.

Bí ètò náà ṣe ń yí padà

Ìrísí ni Linnaeus gbójú lé jù, ìrísí a sì máa tan ènìyàn jẹ. Ní 1735 ó ka àbùùbùtán mọ́ ẹja. Ní 1758 ló mú un lọ sáàárín ẹranko afọ́mọlọ́mú. Nínú ẹ̀dà 1758 yìí kan náà, ìtò kan ni ó fi àdán, ọ̀bọ àti ènìyàn sí. Lẹ́yìn tí Charles Darwin tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn irú jáde ní 1859, ìbéèrè yí padà: ta ni bàbá ńlá tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí jọ ní? Láti ìparí ọ̀rúndún ogún, DNA ni wọ́n fi ń wá ìdáhùn rẹ̀. Ní 1990, Carl Woese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìpele kan sílẹ̀ lókè ìjọba, wọ́n sì pín gbogbo ohun ẹlẹ́mìí sí mẹ́ta: Bacteria, Archaea àti Eukarya.

Àyípadà yìí dé inú ọbẹ̀. Nígbà kan, ìdílé ewédú yàtọ̀ sí ti ilá, ti obì àti kòkó yàtọ̀, ti osè àti àràbà náà sì dá wà. Lábẹ́ ètò tí àwọn onímọ̀ ewéko gbé jáde láti 1998, gbogbo wọn pẹ̀lú òwú ti di ìdílé kan, Malvaceae. Orógbó, tó máa ń bá obì wọ inú àwo kan náà níbi ayẹyẹ, kò sí níbẹ̀: Garcinia kola ni, ìdílé rẹ̀ sì ni Clusiaceae. Awẹ́ ni ọjà fi ń yà wọ́n, onímọ̀ náà sì ń lò ó: gbànja, Cola nitida, ní awẹ́ méjì, àbàtà, Cola acuminata, lè ní mẹ́ta títí dé mẹ́fà, orógbó kò ní awẹ́. Orúkọ náà máa ń yí. Ìrókò ti jẹ́ Chlorophora excelsa kí ó tó di Milicia excelsa ní 1982.

Ní Bénin, ìwé tó kó ewéko orílẹ̀-èdè náà jọ ni Flore analytique du Bénin, tó jáde ní 2006 pẹ̀lú irú ewéko 2,807. Kọ́kọ́rọ́ ìdámọ̀ ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀: ìbéèrè alápá méjì tẹ̀ lé ara wọn, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń dín ohun tó ṣẹ́ kù títí a ó fi dé orí irú kan.

Àtẹ̀gùn Bloom

Ní 1948, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò yunifásítì ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá èdè kan náà tí wọn yóò máa fi sọ ohun tí ìdánwò ń wọ̀n. Inú ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n ti yá èrò ìpínsísọ̀rí. Ìwé wọn, tí Benjamin Bloom (1913–1999) ti Yunifásítì Chicago ṣe olóòtú àgbà rẹ̀, jáde ní 1956. Ó to iṣẹ́ ọpọlọ sí ìpele mẹ́fà: ìmọ̀, òye, ìlò, ìtúpalẹ̀, ìṣàkópọ̀ àti ìgbéléwọ̀n. Ìwé kejì, lórí ìhùwàsí àti ìfẹ́ ọkàn, jáde ní 1964. Àwọn mìíràn ló to iṣẹ́ ọwọ́ àti ara lẹ́yìn náà.

Ní 2001, Lorin Anderson àti David Krathwohl tún ètò náà ṣe. Wọ́n sọ orúkọ ìpele di ọ̀rọ̀ ìṣe, wọ́n fi ìṣẹ̀dá sókè pátápátá, wọ́n sì fa ìgbéléwọ̀n sílẹ̀ ní ìpele kan. Wọ́n tún pín ìmọ̀ fúnra rẹ̀ sí mẹ́rin: òtítọ́ ọ̀rọ̀, èrò tó so wọ́n pọ̀, ọ̀nà ìṣe, àti mímọ bí ènìyàn fúnra rẹ̀ ṣe ń ronú.

Ní 1999 ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Bénin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ètò ẹ̀kọ́ tuntun wọlé, kíláàsì kan tẹ̀ lé òmíràn, láti CI, kíláàsì àkọ́kọ́, dé CM2, kíláàsì ìkẹyìn. Ó dá lórí ohun tí ọmọ lè fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe, APC (approche par compétences) ni àwọn olùkọ́ ń pè é. Ìpele mẹ́fà náà wúlò nínú rẹ̀, bí ẹ̀kọ́ CM2 lórí ewéko àdúgbò ṣe lè fi hàn:

Rántí: kí ọmọ dárúkọ igi mẹ́ta tó wà nínú ìdílé ọ̀pẹ.
Lóye: kí ó ṣàlàyé ìdí tí ọ̀pẹ àti àgbọn fi jẹ́ ìdílé kan.
Lò ó: kí ó la obì tí kò rí rí, kí ó sọ bóyá gbànja ni tàbí àbàtà.
Tú u palẹ̀: kí ó fi obì wé orógbó, kí ó ya ohun tó jọra sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó yàtọ̀.
Gbé e léwọ̀n: kí ó sọ èyí tó dára jù nínú ìpínsísọ̀rí tí ọmọ méjì ṣe, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.
Ṣẹ̀dá: kí ó ṣe kọ́kọ́rọ́ ìdámọ̀ fún ewé mẹ́wàá tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká.

Ìyàtọ̀ ètò méjèèjì

Ohun ẹlẹ́mìí ní ìran tó ti wá, bí a kò tilẹ̀ tíì mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí tuntun fi lè fi hàn pé ààyè tí a fi igi kan sí kò tọ́. Àtẹ̀gùn Bloom kò ní irú ìran bẹ́ẹ̀. Àdéhùn àwọn olùkọ́ ni, ààlà ìpele rẹ̀ sì máa ń wọnú ara wọn. Kò sọ pé ọmọ kò lè ṣẹ̀dá kí ó tó há gbogbo orúkọ sórí. Ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan kò sì tó láti mọ ìpele tí ìbéèrè wà. “Ṣàlàyé” lè jẹ́ ìbéèrè òye, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ti pe àlàyé náà fún àwọn ọmọ kọ sínú ìwé, ìrántí ló kù tí ìdánwò ń wọ̀n. Ohun tí ọmọ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ àti ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá pàdé ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ wò kó tó fi ìbéèrè kan sí ìpele.