Wọ́n ti yọ wáyà eyín, ta ni yóò sanwó retainer?

Ẹ ti rí fídíò yẹn rí. Ọmọbìnrin kan jókòó lórí àga dókítà, wọ́n yọ wáyà kúrò lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gbé dígí fún un, ó bú sẹ́kún ayọ̀. Nísàlẹ̀ fídíò, àwọn èèyàn ń kí i kú oríire lóríṣiríṣi. Irú rẹ̀ kò lóǹkà lórí TikTok àti Instagram. Èyí tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni gbé síbẹ̀ ni fídíò ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí eyín ìsàlẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn bí èrò inú danfó.

Wáyà eyín, èyí tí gbogbo wa ń pè ní braces, ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì kejì ni retainer, ìyẹn ohun tí wọ́n máa ń fi sí wa lẹ́nu lẹ́yìn tí wáyà bá kúrò, kí eyín má baà padà síbi tó ti ń bọ̀. Nínú owó gọbọi tí àwa ọ̀dọ́ ń kó fún dókítà eyín, ìdajì kejì yìí ni wọn kì í sábà ṣàlàyé fún wa dáadáa, àwa náà kì í sì í bèèrè. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ oge lásán ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni.

Kí ló dé tí eyín fi ń padà? Eyín kò wọ inú egungun bí ìṣó ṣe ń wọ inú pákó. Àwọn iṣan tín-ín-tìn-tín ló so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí wáyà bá ń ti eyín, egungun tó wà níwájú rẹ̀ á máa yọ́, tuntun á máa hù lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe ń rìn. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan yẹn, pàápàá àwọn tó wà nínú erìgì, máa ń fà bíi rọ́bà. Lọ́jọ́ tí wáyà bá kúrò, wọ́n ṣì ń fa eyín padà sílé. Kaare Reitan, onímọ̀ eyín ará Norway, yí eyín ajá padà nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1959, ó sì rí i pé lẹ́yìn ọjọ́ 232, àwọn iṣan inú erìgì ṣì wà ní fífà. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní oṣù méje.

Ẹ má rò pé tí oṣù méje bá ti kọjá, ó ti parí nìyẹn. Ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, Robert Little àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ẹnu àwọn tí wọ́n ti to eyín wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti pa retainer tì. Nínú èèyàn 65 tí wọ́n ròyìn ní 1981, àwọn tí eyín iwájú ìsàlẹ̀ wọn ṣì tò dáadáa kò tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n wo èèyàn 31 lẹ́yìn ogún ọdún, nínú ìròyìn ti 1988, ó ku nǹkan bíi 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi wáyà nìkan o. Ẹni tí kò fi wáyà sẹ́nu rí pàápàá, eyín iwájú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè máa fún pọ̀ bó ṣe ń dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń sọ ọ́ báyìí pé iye ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kí eyín yín tò, ìyẹn náà ni ẹ ó fi máa lo retainer. Àwọn kan á ní tọ̀sán-tòru fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà kó di alẹ́ nìkan. Àwọn mìíràn á ní alẹ́ nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti dókítà yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Nínú iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì, retainer ni owó tí oníbàárà ń san kí lọ́yà lè wà ní sẹpẹ́ fún un, bí ẹjọ́ wà, bí ẹjọ́ ò sí. Ti eyín ò yàtọ̀ púpọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣáá ni pé lọ́yà kì í gbàgbé láti dárúkọ owó tirẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan parí wáyà tirẹ̀ nílé ìwòsàn aládàáni kan. Ó ti san gbogbo owó tán, ó ń múra láti jẹ àgbàdo sísun, àfi bí wọ́n ṣe gbé ìwé owó retainer lé e lọ́wọ́. Kò ní in lọ́wọ́. Ó ní òun á padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ mọ bí oṣù tó ń bọ̀ ṣe máa ń rí ní Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa padà lọ lẹ́yìn oṣù márùn-ún, èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ dè é kò wọ ẹnu rẹ̀ mọ́.

Òfin National Health Act ti ọdún 2014 ti sọ̀rọ̀ lórí irú èyí ní abala 23. Ó ní ẹni tó ń tọ́jú èèyàn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀ àti ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ, kó sì jẹ́ lédè tó yé ẹni náà níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ tún un kà: iye owó, àti ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ. Pé eyín lè padà, ohun tó lè tìdí ìtọ́jú yọ ni. Retainer, àti òmíràn tí ẹ ó ṣe tí àkọ́kọ́ bá fọ́, iye owó ni. Lójú tèmi, dókítà tó bá dárúkọ owó wáyà nìkan, tó wá fi ìyókù pamọ́ di ọjọ́ tó máa yọ ọ́, kò tíì ṣe ojúṣe tí abala yẹn gbé lé e lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń lò ń ti òkè òkun wá, dọ́là ò sì fara rọ. Ìyẹn náà, kí wọ́n sọ ọ́.

Mi ò ní kí ẹ gbé dókítà lọ sílé ẹjọ́. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ ni kí ẹ bèèrè. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó retainer wà nínú èyí tí ẹ pè yìí? Tòkè tìsàlẹ̀ ni, àbí ẹyọ kan? Tó bá sọnù ńkọ́, èló ni òmíràn? Tí mo bá ń padà wá kí ẹ wò ó, ṣé màá tún sanwó? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n lè máa wò yín bíi pé ẹ lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò yín.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ike tó mọ́ gaara ṣe ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó fẹ́ràn nítorí kì í hàn nínú sẹ́fì, ṣùgbọ́n ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Ó máa ká kò. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó o. Ẹ má fi mu mínírà, torí ṣúgà máa há sáàárín ike àti eyín. Ibi tó ti ń sọnù jù ni ìdí oúnjẹ. Ẹ ó bọ́ ọ nídìí àmàlà, ẹ ó fi tíṣù wé e kó má baà rí ẹlẹ́gbin, ọmọ tó ń palẹ̀ mọ́ á kó o dànù, kò sì ní jẹ̀bi. Àpótí kékeré tí wọ́n fún yín, inú báàgì ló yẹ kó wà, kì í ṣe ilé. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín kò lè sọnù bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú kan nínú rẹ̀ lè ṣí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, nítorí náà ẹ máa fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní èjí, ẹ tún rò ó dáadáa kí ẹ tó ní kí wọ́n dí i. Ẹwà ni lọ́dọ̀ wa, débi pé àwọn tí kò ní in ń wá ẹni tó máa bá wọn rẹ́ eyín, bẹ́ẹ̀ ara eyín tí wọ́n bá rẹ́ dànù kì í hù mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé dídí náà lẹ fẹ́, ẹ mọ̀ pé èjí wà lára ohun tó máa ń fẹ́ padà jù. Wáyà ẹ̀yìn eyín ni ọ̀pọ̀ dókítà máa dábàá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ japa: NHS ní Ìlú Ọba kì í sábà to eyín fún àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gba fọ́tò, X-ray àti ìwé ìtọ́jú yín kí ẹ tó wọ bàálù, kí ẹ sì ṣe retainer méjì tí agbára bá ká a.

Tí eyín bá ti sún díẹ̀, tí retainer wá ń fún yín, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fi agbára kì í bọ̀ ọ́. Ẹ má sì tẹ̀ lé àwọn tó ń fi rọ́bà kékeré so eyín iwájú pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà yẹn lè yọ́ wọ abẹ́ erìgì lọ síbi gbòǹgbò, ó sì ti mú kí àwọn kan pàdánù eyín tó dá ṣáká.