Ewu Tó Wà Nínú Fífi Epo Bẹntiróòlù Fọ Ọkọ̀ Nílé

Ẹni tó bá fẹ́ fọ ọkọ̀ rẹ̀ nínú àti lóde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní àgbàlá rẹ̀ ní Ugborikoko, nítòsí Warri, ní ìpínlẹ̀ Delta, lè rò pé omi, ọṣẹ àti àkísà ti tó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà títì bá lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, epo bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré mú. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Èròjà benzene tó wà nínú epo yìí máa ń gba imú àti awọ wọ inú ara. Ní ọdún 2025, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ka bẹntiróòlù mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá ti àpò ìtọ̀ àti ti ẹ̀jẹ̀. Epo náà tún yára gbaná.

Òróró ìdáná sàn jù ú lọ: kí a fi í pa ojú ọ̀dà, kí a jẹ́ kó rọ̀, kí a tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Kí a má ṣe po bíliìṣì mọ́ ásíìdì, nítorí gáàsì chlorine tó ń jáde lára wọn máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìta gbangba ni kí a ti ṣiṣẹ́, kí a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí a sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀. Bí oògùn ìfọkọ̀ bá ta sí ojú, kí a fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìlera loògùn ọrọ̀.