Òkété Tó Ń Gbóòórùn Àdó Olóró Lábẹ́ Ilẹ̀

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé orí òkété ni ètò ọ̀sẹ̀ yìí dá lé, wọ́n ní, "Èyí tí à ń fi jẹ iyán?" Mo ní, "Rárá, mààmi, èyí tó ń gba ẹ̀mí là ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àdó olóró abẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ológun ló máa ń rì í mọ́lẹ̀ kí ọ̀tá má baà kọjá. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó bú gbàmù nìyẹn. Ogun lè parí, àmọ́ àdó kò gbọ́ pé ogun ti parí. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, títí ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà ogun yóò fi wá igi ìdáná débẹ̀. Bó ṣe rí ní Cambodia àti Angola nìyẹn. Nílé wa níbí, ní ìpínlẹ̀ Borno, Boko Haram ń ri àdó àfọwọ́ṣe mọ́ ojú ọ̀nà. Àgbẹ̀ tó padà sílé, ẹ̀rù ló fi ń rìn lọ sí oko ara rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́? Irin ni ẹ̀rọ ń wá, nítorí náà ìdérí ìgò àti ìṣó pàápàá á mú kó dún. Òkété kò bá irin ṣe. Òórùn ohun tó ń bú gbàmù nínú àdó ló ń gbọ́. Bó bá gbọ́ ọ, á fi èékánná họ ilẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà. Ara rẹ̀ fúyẹ́, àdó kì í bú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó pápá tẹníìsì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ló fi ń wá a tán. Ó lè gba ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ọjọ́ 4.

Àjọ APOPO ló ń kọ́ wọn níṣẹ́ ní Tanzania. Magawa, ọ̀kan nínú wọn, rí ohun abúgbàmù tó lé ní 100 ní Cambodia. Lọ́dún 2020, àjọ PDSA nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá. Ọ̀dàlẹ̀ ni òkété nínú ìtàn àwọn àgbà wa, ṣùgbọ́n Magawa kò da ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, òkété kò lè dá ẹsẹ̀ tó ti gé padà. Ọmọ ọdún 7 tó pàdánù ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kan ṣoṣo kò lè tó o. Bó ṣe ń dàgbà ni wọn yóò máa pààrọ̀ rẹ̀. Yóò tún nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ rìn, ilé ẹ̀kọ́ tó lè wọ̀, àti iṣẹ́ tí yóò máa ṣe jẹun. Owó àánú sábà máa ń wọlé nígbà tí ìròyìn ṣì gbóná. Bí ẹ bá fẹ́ ṣèrànwọ́, ẹ béèrè pé ta ni yóò pààrọ̀ ẹsẹ̀ yẹn lọ́dún 10 sí i.

Bí ẹ bá sì rí ohun àjèjì nílẹ̀ níbi tí ogun ti jà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sọ òkò lù ú. Ẹ dúró lójú kan, ẹ ké sí àwọn ènìyàn, kí ẹ dúró de àwọn tó mọ̀ ọ́n yọ. Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ni àyájọ́ ìlanilọ́yẹ̀ nípa rẹ̀ lágbàáyé, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dìgbà náà. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ẹbí ní Borno. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.